Yunifásítì ìjọba méjì gba ọmọ wọlé: bí a ṣe ń fi owó àti àbájáde mú ọ̀kan

Ẹ pa òkìkí tì ná. Ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ilà sí i láàárín, kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà lè ṣe é, àmọ́ pẹ́ńsù ló dára jù: èèyàn kì í tètè gbàgbé ohun tó bá fọwọ́ kọ.

Ẹ kọ owó ilé-ìwé, ilé gbígbé, oúnjẹ, ìwé kíkà, ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ nígbà ọlidé, àti owó tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń gbà. Ẹ yọ owó ìrànwọ́ kúrò. Ẹ̀yáwó kì í ṣe ìrànwọ́ o, gbèsè ni. Ẹ béèrè bóyá ìrànwọ́ náà máa dé ọdún ìparí, àti iye máàkì tó lè mú kó bọ́ lọ́wọ́ ọmọ.

Ọdún tí wọ́n fi ń kàwé gan-an ló ń da ìṣirò rú. Ìwé ìpolówó á kọ ọdún 4, gbogbo èèyàn á sì fi 4 sọ owó ọdún kan di púpọ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè iye àwọn tó jọ wọlé lọ́dún kan náà tó parí lásìkò. Kọ́ọ̀sì tó pọn dandan lè jẹ́ èyí tí wọ́n ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan péré lọ́dún. Ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀ á dúró dè é. Ẹ jẹ́ ká pe ilé-ìwé kan ní A, ká pe èkejì ní B, ká sì ní A ń gba 100 lọ́dún, B ń gba 120. Lójú, A ló dínwó. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ A bá ń lo ọdún 5, tí ti B ń lo 4, A di 500, B di 480. A ò sì tíì ka owó iṣẹ́ tí ọmọ ì bá ti gbà lọ́dún karùn-ún yẹn.

Ó wá ku àbájáde, ibi tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà tan èèyàn jù. “Ìdá 90 nínú 100 ló ti níṣẹ́.” Mélòó ló dáhùn? Bí 1,000 bá gboyè, tí 200 péré dáhùn, tí 180 nínú wọn níṣẹ́, àwọn 800 yòókù dà? Ẹ ṣọ́ra fún owó oṣù tí wọ́n pín dọ́gba náà: bí ẹni 9 bá ń gba 50, tí ẹnì kan ń gba 550, wọ́n á ní 100 ni wọ́n ń gbà. Ẹ béèrè iye tí ẹni tó wà láàárín gbùngbùn ń gbà, bí wọ́n bá to owó wọn láti kékeré dé ńlá. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń lọ ni kí ẹ béèrè o, kì í ṣe gbogbo yunifásítì.

Bí wọn kò bá ní àkọsílẹ̀, ẹ lọ sórí LinkedIn, ìkànnì tí àwọn èèyàn ń kọ iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ wọn sí, ẹ wá ẹni 20 láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tó gboyè ní ọdún 3 sí 5 sẹ́yìn. Ẹni tí kò ríṣẹ́ kì í sábà hàn níbẹ̀, nítorí náà ẹ kàn lò ó láti fi ilé-ìwé méjèèjì wé ara wọn ni.

Fún iṣẹ́ bíi ìṣègùn, nọ́ọ̀sì tàbí òfin, bí àjọ tó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ kò bá tíì fọwọ́ sí ẹ̀ka náà, ẹ fa igi lé e lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ mìíràn: bí àpapọ̀ owó B bá fi 80 wọ́n ju ti A lọ, tí ẹni tó gboyè níbẹ̀ ń fi 20 gba owó iṣẹ́ ju ti A lọ lọ́dún, ọdún 4 ni owó yẹn á fi padà wọlé. Bó bá ju ọdún 5 lọ, ẹ mú A. Kí ẹ tó san owó ìgbàwọlé, ẹ kọ̀wé béèrè gbogbo èyí lọ́wọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Ìdáhùn tí wọ́n bá fẹnu lásán sọ, ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé yẹn.