Bí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí wọ́n gbé nílé mi ṣe padà

Ẹni tá a jọ háyà ilé ni ìwádìí náà dá lé lórí. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ni ìwé àṣẹ ìtúlé tí àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà mú wá dárúkọ, títí kan kọ̀ǹpútà àti fóònù tó bá wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà àgbéletan tí ilé-iṣẹ́ gbé fún mi wà lórí tábìlì, wọ́n sì gbé e.

Mo sọ fún wọn pé kì í ṣe tèmi. Ìyẹn ò dá wọn dúró. Ibi tí wọ́n fẹ́ tú àti ohun tí wọ́n ń wá ni àṣẹ ń wò, kì í wo ẹni tó ni ín. Láti 1978, nínú ẹjọ́ Zurcher àti Stanford Daily, ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ pé wọ́n lè tú ibi tí ẹ̀rí bá wà, bí ẹni tó ni ibẹ̀ ò tiẹ̀ mọwọ́mẹsẹ̀.

Rìsíìtì ni mo wá tẹpẹlẹ mọ́. Òfin 41, nínú ìlànà ẹjọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ní kí wọ́n fi ẹ̀dà ìwé àṣẹ àti rìsíìtì ohun tí wọ́n kó sílẹ̀. "Kọ̀ǹpútà dúdú kan" ni wọ́n kọ. Mo bẹ agbófinró náà kó yí i dojú dé, kó kọ nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ àti èyí tó wà lára sítíkà ilé-iṣẹ́. Ó kọ méjèèjì.

Ojú ẹsẹ̀ ni mo pe ọ̀gá mi. Àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ ti fẹ́ nu gbogbo inú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún èyí tí olè gbé. Mo ní kí wọ́n má dán an wò rárá! Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹ̀rí rẹ́ kó lè dí ìwádìí lọ́wọ́, ọ̀ràn ló dá. Ọ̀nà tí mò ń gbà wọlé sórí ẹ̀rọ wọn nìkan ni wọ́n tì.

Mo gba lọ́yà tèmi. Ti ilé-iṣẹ́ kì í ṣe lọ́yà òṣìṣẹ́, bó ti wù kó ṣèèyàn tó. Ilé-iṣẹ́ ló ń gbèjà. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ yìí ló kọ̀wé sí àwọn agbófinró, ó fi ìwé tí wọ́n fi ra kọ̀ǹpútà náà tì í, nọ́ńbà rẹ̀ sì bá ti orí rìsíìtì mu. Ká ní wọ́n kọ̀ ni, Òfin 41 kan náà gbà kí ẹni tó ni ẹrù bẹ ilé-ẹjọ́ pé kí wọ́n dá a padà. Kò débẹ̀. Wọ́n ṣe àdàkọ ohun inú rẹ̀, èyí tí òfin gbà wọ́n láyè láti tọ́jú, wọ́n sì ní ká wá gbé e.

Mo yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò kí n tó fọwọ́ síwèé. Mi ò tàn án. Ọwọ́ àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ ni mo gbé e lé.