Kí ẹ tó kọ́lé sí ọ̀nà Àkànrán: ọ̀rọ̀ omi, ọyẹ́ àti àwọn tó ni abà

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa ní Ìbàdàn, láti Ọlọ́runṣògo lọ sí Àkànrán, ìgbà òjò ló sábà máa ń wá wò ó. Gbogbo ibẹ̀ á tutù, ewéko á yọ̀, agẹ́ńtì á sì máa na ìka sí odò. Mo bẹ̀ yín, ẹ padà wá ní ìparí oṣù Kejì. Ìgbà yẹn lẹ máa rí ilẹ̀ náà bó ṣe jẹ́: ilẹ̀ pupa tó ti sán, eruku tí ọkọ̀ bá rú sókè tí kì í tètè bọ́ sílẹ̀, àti àwọn ọmọdé tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì kiri ojúlé.

Síméńtì àti páànù ni mo ń tà. Kò sẹ́ni tó ń kọ́lé ládùúgbò yìí tí kì í dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tí wọ́n bá sì dúró, ẹjọ́ ni wọ́n máa ń rò. Ohun tí mo ti gbọ́ tí mo sì fojú rí ni mò ń sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká mú ti omi ná. Àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Ìbàdàn. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta náà, àti ibi tí àpáta ti sán, lomi máa ń fara pamọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ilé méjì fi lè fara kanra, kí kànga ọ̀kan máa kún, kí tèkejì gbẹ táútáú. Ẹ gbẹ́ tiyín láàárín ìparí oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí agbẹ́kànga bá kan omi lásìkò tí omi ti lọ sílẹ̀ pátápátá, tó tún wá gbẹ́ ẹ kọjá ibẹ̀ díẹ̀, ọkàn yín á balẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ẹ nínú oṣù Keje, omi òjò ló kàn. Tó bá di oṣù Kìíní, á tún padà lọ pe agbẹ́kànga, owó mìíràn nìyẹn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ sókáwéè dáadáa. Ó yẹ kí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100 wà láàárín òun àti kànga. Púlọ́ọ̀tì tiwa ńkọ́? 50 sí 100 ni, tàbí 60 sí 120 fún ẹni tó rówó. Tí ẹ bá gbẹ́ sókáwéè sí ẹ̀yìnkùlé, iwájú ilé ni kànga máa wà, ẹ sì gbọ́dọ̀ bi àwọn ará iwájú àti ará ẹ̀gbẹ́ níbi tí tiwọn wà. Ìbéèrè yìí máa ń ti èèyàn lójú. Kó má ti ẹ̀yin lójú o.

Tí owó bòrìhóòlù kò bá tíì sí, ẹ jẹ́ kí òrùlé bá yín gbomi. Òjò tó bá rọ̀ tó mìlímítà 10 sórí òrùlé tí gígùn àti ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 10, lítà 1,000 ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ fọ páànù ná, torí gbogbo eruku ọyẹ́ ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ìgbẹ́ alángbá.

Ọyẹ́ náà, aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún odò ńlá kan ti gbẹ láti ayébáyé. Àríwá ìlà-oòrùn ló ń gbà fẹ́, nítorí náà ẹ sọ fún bíríkìlà kó má kọ fèrèsé ńlá yàrá yín síbẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì, àkísà tútù lẹ́nu fèrèsé, òrí fún ẹsẹ̀ tó ń sán: gbogbo èyí ẹ ti mọ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni katapílà. Ẹni tó ra púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo á gbé e wá, á fá gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀, igi obì, igi àgbálùmọ̀, kòkó tó ti gbó. Lẹ́yìn náà á ní ooru ń pa òun. Ọwọ́ ara wa la fi ń sọ oko kòkó di aṣálẹ̀, a tún wá ń bú ọyẹ́! Ẹ fi igi kan, ó kéré tán, sílẹ̀ níhà ìwọ̀-oòrùn ilé kó máa gba oòrùn ìrọ̀lẹ́. Koríko gbígbẹ ni kí ẹ ro kúrò kí oṣù Kejìlá tó wọlé, torí àwọn tó ń finá lé ẹmọ́ kì í wo ojú onílé.

Àwọn tó gbin kòkó yẹn ṣì wà, àwọn ọmọ wọn sì wà. Bàbá kan máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi tí oòrùn bá ti rọ̀. Tẹ́nikẹ́ni bá ti dárúkọ owó orí, á bú sẹ́rìn-ín, á ní: “Òkè mẹ́fà là ó san!” Ọgbọ̀n ṣílè nìyẹn, ìyẹn pọ́n-ùn kan àti ààbọ̀. Lọ́dún 1968, owó orí ju pọ́n-ùn mẹ́ta lọ, kòkó kò sì mówó wọlé, wolé-wolé sì ń fòòró wọn. Ni àwọn àgbẹ̀ abà wọ̀nyí bá ya lọ sí gbọ̀ngàn Mápó nígboro Ìbàdàn. Àgbẹ̀kọ̀yà nìyẹn. Àkànrán yìí ni ojúkò wọn, Tàfá Adéoyè sì wà lára àwọn aṣíwájú wọn. Nínú oṣù Kẹsàn-án 1969 wọ́n já ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n kó àwọn èèyàn wọn jáde. Nígbẹ̀yìn, ìjọba dín owó orí náà kù sí pọ́n-ùn méjì.

Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ irú ìtàn yìí lẹ́nu àwọn tó ni abà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mú bírò àti ìwé dé, tó ń béèrè ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, lọ́yà ni wọ́n máa pè é, wọ́n á sì pa ẹnu mọ́. Ẹ lọ nírọ̀lẹ́, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀, kí obì wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ kòkó ni kí ẹ fi síde. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọnmi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo bi bàbá yẹn.

“Bàbá, níbo lẹ ti ń pọnmi láyé ọjọ́un?”

“Ìsun kan wà tí kì í gbẹ. Ibi tí ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù ń da ìdọ̀tí sí yẹn mà ni.”

Ẹ tún bi wọ́n pé agboolé wo ni wọ́n ti wá nígboro. Abà Ìbàdàn tó bá ti pẹ́, ó ní agboolé nílé, ibẹ̀ ni mọ́gàjí, olórí ẹbí, wà. Baálẹ̀ abà lè fọwọ́ sí ìwé fún yín kí ẹbí má mọ̀ sí i. Ẹ lọ bá mọ́gàjí nílé, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, kí ẹ sì mú sọ̀féyọ̀ tó dáńgájíá dání kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Tí ẹ bá ti kó dé, ẹ wá síbi ìpàdé lánlọ́ọ̀dù, aago méje àárọ̀ Sátidé. Ẹ mú ọkọ́ dání, gọ́tà la máa ń kó ká tó jókòó.