Ta Ni Kò Wá sí Pápá? Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Kíka Eré Ìdárayá Àdúgbò

Ohun tí ìgbìmọ̀ eré ìdárayá sábà máa ń kà ni iye ènìyàn tó wá sí pápá. Iye yẹn wúlò, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹni tí kò wá fún wa. Bí ènìyàn 40 bá wà ní pápá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ó lè jẹ́ pé ọmọkùnrin 40 kan náà ló ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lójoojúmọ́, nígbà tí àwọn ìyá, àwọn àgbà, àwọn ọmọbìnrin àti àwọn tó ní ìpèníjà ara kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Ìwé yìí wà fún ẹgbẹ́ tó fẹ́ mọ àwọn wọ̀nyí, tó fẹ́ mọ ohun tó dá wọn dúró, tó sì fẹ́ tún un ṣe. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: bírò, ìwé, aago, àti ẹni méjì tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìwọ̀n tí a fi ń wọn ara wa

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020 sọ pé kí àgbàlagbà máa lo ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ nínú ohun tó ń mú mímí yára díẹ̀, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 nínú èyí tó le gan-an, kó sì máa ṣe ohun tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Ẹni tó ti pé ọdún 65 yóò fi ìdánrawò fún ìdúróṣinṣin ara kún un, ní ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán lọ́sẹ̀, kó má baà máa ṣubú. Ọmọ ọdún 5 sí 17 nílò ìṣẹ́jú 60 lóòjọ́, bí a bá pín gbogbo ọ̀sẹ̀ dọ́gba. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ìṣẹ́jú tí kò bá tó 10 léra kò sí nínú ìṣirò. Ìlànà 2020 ti mú ìyẹn kúrò. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tí ẹnì kan fi gun òkè wà nínú rẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó le? Ẹni tó bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin wà ní ìwọ̀n àárín. Ẹni tí kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ kó tó mí, ohun tó ń ṣe ti le.

Iṣẹ́ oko wà nínú ìṣirò, bẹ́ẹ̀ náà ni omi pípọn àti ìrìn ẹsẹ̀. Àgbẹ̀ tó fi wákàtí mẹ́ta roko ní ọjọ́ mẹ́rin ti ní ìṣẹ́jú 720. Kí ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí kì í lo ara nítorí pé ẹ kò rí i ní pápá. Ẹni tó ń jókòó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́, àti ọmọ tó ń jókòó ní kíláàsì tó tún jókòó nílé, ni kí ẹ fojú sí. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àjọ náà fún ọdún 2022, nínú àgbàlagbà 100 lágbàáyé, nǹkan bí 31 ni kò dé ìwọ̀n yìí. Láàárín àwọn ọ̀dọ́ ọdún 11 sí 17, iye ti ọdún 2016 jẹ́ 81 nínú 100.

Kọ ìpinnu sílẹ̀ kí ẹ tó ka ẹnikẹ́ni

Kí ìgbìmọ̀ kọ ohun tí ó fẹ́ pinnu sójú ìwé kan. Ṣé ká fi iná sí pápá ni àbí ká yí àkókò padà? Ṣé ká ra bọ́ọ̀lù sí i ni àbí ká tẹ́ ilẹ̀ pápá? Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín nípa ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ béèrè lọ́wọ́ aráàlú: bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí la máa ṣe? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ńkọ́? Bí ohun kan náà lẹ máa ṣe nínú méjèèjì, ẹ yọ ìbéèrè náà. Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣìnà: wọ́n béèrè ogójì nǹkan, ìwé kún àpótí, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Iye ènìyàn tó wà ní àdúgbò

Ẹ ya àwòrán àdúgbò, kí ẹ fi nọ́ńbà sí ilé kọ̀ọ̀kan. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè iye obìnrin àti iye ọkùnrin tó wà ní ìpele ọjọ́ orí wọ̀nyí: ọdún 0 sí 4, 5 sí 10, 11 sí 17, 18 sí 39, 40 sí 64, àti 65 sókè. Ẹ má kọ orúkọ. Ẹ má ṣe gbára lé iye ìkànìyàn ìjọba nìkan, torí àgbègbè tó tóbi ju tiyín lọ ló sábà máa ń kó pọ̀, ó sì lè ti pẹ́.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níhìn-ín. Àkọ́kọ́, ẹni tó ń gbé ilé méjì á di ènìyàn méjì. Ibi tó ti sùn jù nínú oṣù tó kọjá ni kí ẹ kà á sí. Ìkejì, àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé arúgbó àti ọmọ ọwọ́. Bí wọ́n bá dáhùn tán, ẹ tún béèrè àwọn méjèèjì ní pàtó.

Bí ilé bá pọ̀ ju èyí tí agbára yín ká, ẹ yan díẹ̀ nínú wọn. Bí ilé bá jẹ́ 600 tí ẹ sì fẹ́ 100, ẹ máa mú ẹyọ kan nínú mẹ́fà mẹ́fà: ẹ ṣẹ́ kèké láti mú nọ́ńbà kan láàárín 1 sí 6, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì máa fi mẹ́fà kún un. Bí ẹ bá kan ilé tí kò sí ènìyàn, ẹ padà wá ní wákàtí mìíràn, títí dé ìgbà mẹ́ta. Ẹ má fi ilé aládùúgbò rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó máa ń wà nílé ní ọ̀sán kò jọ àwọn tó jáde lọ síbi iṣẹ́, rírọ́pò á sì yí gbogbo èsì po.

Kíka ní pápá

Ọ̀nà kan wà tí àwọn olùwádìí ń lò káàkiri, SOPARC ni wọ́n ń pè é (ìkékúrú “System for Observing Play and Recreation in Communities”, ìyẹn ọ̀nà wíwo eré àti ìgbafẹ́ ní àdúgbò), ó sì rọrùn láti bá ṣe. Ẹ pín pápá sí apá tí ojú ẹnì kan lè ká lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dúró sí ibì kan náà nígbà gbogbo. Ẹ wo apá náà láti òsì sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ ka obìnrin. Ẹ tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ ka ọkùnrin. Ẹni kọ̀ọ̀kan á bọ́ sínú ọ̀kan nínú mẹ́ta: ó jókòó tàbí ó dúró, ó ń rìn, ó ń ṣe ohun tó le. Ohun tó ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá tí ojú yín kàn án lẹ máa kọ. Aṣọ́lé bọ́ọ̀lù (gólì) tó dúró sójú ilé, kí ẹ kọ ọ́ sí “ó dúró”, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń sáré kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ má padà sẹ́yìn lọ tún un kọ. Òǹwòran náà wà nínú kíkà.

Ẹ ṣe é ní ìgbà mẹ́rin lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko: òwúrọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, àti kété kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìlà kan nínú ìwé yín á rí báyìí:

Ọjọ́ Ẹtì, agogo 5:00 ìrọ̀lẹ́, apá kejì, obìnrin: jókòó 6, rìn 1, líle 0, ọkùnrin: jókòó 4, rìn 3, líle 14, ojú ọjọ́: kò sí òjò.

Ẹ kọ òjò, ayẹyẹ tàbí ìdíje sílẹ̀. Ọjọ́ ìdíje kì í ṣe ọjọ́ tó yẹ ká fi díwọ̀n ọjọ́ yòókù.

Kí àwọn tó ń kà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí àwọn méjì ka apá kan náà lẹ́ẹ̀kan náà láìbá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan bá ní 20 tí èkejì ní 24, ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ jù. Ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, kí wọ́n tún un kà títí ìyàtọ̀ kò fi ní ju ẹnì kan lọ nínú mẹ́wàá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ro iye ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ kí ẹ wá kéde pé iye ènìyàn báyìí ló wá. Ẹni tó wà níbẹ̀ láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú ti wọ ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kíkà yìí dára fún fífi wákàtí wé wákàtí àti apá kan wé òmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye ènìyàn gan-an, ìwé ìfọwọ́sí ní ẹnu ọ̀nà lẹ nílò, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ sì ka ẹni kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bíbéèrè nílé

Ìbéèrè náà kò gbọ́dọ̀ gùn. “Láàárín ọjọ́ 7 tó kọjá, ọjọ́ mélòó lẹ ṣe iṣẹ́ tó mú mímí yín yára?” “Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó tó ìṣẹ́jú mélòó?” Ẹ tún béèrè bákan náà nípa ìrìn ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà nípa eré. Bí ẹnì kan bá ní “láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni”, ẹ bi í ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó sinmi àti ìgbà tó parí, kí ẹ sì yọ ìsinmi kúrò. Àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ iye tó ju èyí tí wọ́n ṣe lọ, láìfẹ́ parọ́. Nítorí náà, ẹ má fi ìdáhùn ẹnu díwọ̀n ẹnì kan. Ẹ fi í ṣe ìfiwéra ẹgbẹ́ kan àti òmíràn.

Kí ẹni kọ̀ọ̀kan dáhùn fún ara rẹ̀. Bí bàbá bá dáhùn fún ìyàwó tàbí fún ọmọ rẹ̀, èrò rẹ̀ lẹ kọ sílẹ̀. Ó dára kí obìnrin béèrè lọ́wọ́ obìnrin, pàápàá tí ọ̀rọ̀ bá kan ààbò tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ẹ má bi wọ́n pé “Kí ló dé tí ẹ kì í ṣeré ìdárayá?” “Kò sí àyè” ni ẹ máa gbọ́ ní gbogbo ilé. Ẹ kúkú béèrè pé: “Nígbà tó gbẹ̀yìn tó wù yín láti lọ, kí ló dá yín dúró?” àti “Kí lẹ ń ṣe lọ́wọ́ ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ àná?” Ẹ má ka àkójọ ìdáhùn sí wọn létí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí ẹ tó wá pín in: òkùnkùn, jíjìnnà, ọmọ tí kò sí ẹni tó máa bá wọn tọ́jú, ìtìjú, ìrora, owó.

Ìṣirò

Ẹ pín iye tó wá láti ẹgbẹ́ kan sí iye ẹgbẹ́ náà ní àdúgbò, kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà 100. Ká ní ọmọbìnrin ọdún 11 sí 17 jẹ́ 60, tí 9 sì fọwọ́ sí ìwé: 15 nínú 100 nìyẹn. Ká ní ọmọkùnrin jẹ́ 50, tí 30 sì wá: 60 nínú 100. Ibi tí iṣẹ́ wà ti hàn, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọbìnrin sọ nílé á sì fi ohun tí ẹ máa ṣe hàn. Bí ẹgbẹ́ kan kò bá tó 20, ẹ sọ pé “3 nínú 8”; ẹ má sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún, torí ẹnì kan péré lè gbé e sókè gan-an.

Ẹ díwọ̀n ọ̀nà pẹ̀lú. Àgbàlagbà tó ń rìn bó ṣe máa ń rìn á lọ tó mítà 80 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà mítà 800 jẹ́ ìṣẹ́jú 10. Ṣùgbọ́n kí arúgbó kan rìn ín ní tòótọ́ láti ilé tó jìnnà jù, kí ẹ di aago mú, kí ẹ sì kọ ibi tó ti dúró sinmi.

Ẹ ní ojú ìwé kan fún ìpalára: ohun tó ṣe é, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ ní pápá, bí ilẹ̀ ṣe rí. Bí ẹsẹ̀ mẹ́ta bá rọ́ ní igun kan náà, ó ṣeé ṣe kí kòtò wà níbẹ̀, ẹ wá a, kí ẹ sì dí i.

Àtúnṣe àti kíkà kejì

Ẹ yí nǹkan kan padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 8 ó kéré tán. Iye tó gòkè ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lè má dúró, torí ohun tuntun máa ń fa èrò. Bí ẹ bá yí àkókò padà tí ẹ tún fi iná sí i pa pọ̀, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ohun tó kan ààbò kò sí nínú òfin yìí: wáyà iná tó já tàbí kànga tí kò ní ìdérí, ẹ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀.

Kíkà kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ ní wákàtí kan náà, ní apá kan náà, àti ní irú àsìkò kan náà nínú ọdún. Bí ẹ bá ka ti àkọ́kọ́ nígbà tí iṣẹ́ oko dínkù, tí ẹ ka ti èkejì nígbà ìkórè, iṣẹ́ oko lẹ wọ̀n, ẹ kò wọn àtúnṣe yín.

Ìpamọ́ àti ìjábọ̀

Ẹ gba àṣẹ òbí kí ẹ tó bi ọmọdé ní nǹkan, kí ẹ sì gba ti ọmọ náà. Ẹ má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ tí kò bá tó ènìyàn márùn-ún, ẹ pa á pọ̀ mọ́ èyí tó sún mọ́ ọn kí ẹ tó kéde rẹ̀, torí aráàlú á tètè mọ ẹni tí ẹ ń sọ. Ìwé tó ní orúkọ, bí ìwé ìfọwọ́sí, ẹ jó o nígbà tí ẹ bá ti ṣe ìṣirò tán.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìṣirò, ẹ ka èsì sétí àwọn tó dáhùn, títí kan àwọn tí kì í wá sí ìpàdé. Ẹ lọ bá wọn nílé. Ẹ gbé nọ́ńbà méjì tàbí mẹ́ta jáde, ẹ sọ ohun tí ẹ máa yí padà, ẹni tó máa ṣe é, àti ọjọ́ tí ẹ máa tún kà. Ẹ kọ ọjọ́ náà sí ojú ìwé àkọ́kọ́, pẹ̀lú àwòrán àdúgbò, ibi tí ẹni tó ń kà dúró sí, àti àwọn wákàtí tó lò, kí ẹlòmíràn lè ṣe iṣẹ́ náà bákan náà bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá sí níbẹ̀ mọ́.