Wíwẹ̀ ní Sangam Lásìkò Kumbh Mela
Ní Prayagraj, ní Íńdíà, ibi tí odò Ganga àti Yamuna ti pàdé ni Sangam. Ibẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ti ń wẹ̀ lásìkò àjọ̀dún wọn, Kumbh Mela. Bí arúgbó tàbí ọmọdé bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ yẹra fún Mauni Amavasya, ọjọ́ ìwẹ̀ tí èrò máa ń pọ̀ jù. Lọ́jọ́ náà ní 2025, èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ó kéré tán, ènìyàn 30 kú. Omi kan náà ni lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù àti ti sẹ́kítọ̀ (ìpín ilẹ̀ àjọ̀dún) tí àgọ́ yín wà sórí bébà, kí ẹ fi sápò ọmọ.

Nínú oṣù January, omi tutù gan-an, ẹ má kàn bẹ́ sínú rẹ̀ lójijì. Ẹ kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kó dé orúnkún, kó dé ìbàdí. Ẹ kọjú sí oòrùn, ẹ ri orí bọmi lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ bu omi sí àtẹ́wọ́, kí ẹ dà á padà. Ẹ má lo ọṣẹ rárá! Ẹ tètè jáde, ẹ pààrọ̀ aṣọ tútù kíá: òtútù ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀.