Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Ajá Yín Láti Dá Wà Nílé Láìfòyà

Ajá tó bá ń hu lọ́sàn-án gangan, tí olówó rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń di ti gbogbo àdúgbò. Ní Òṣogbo níbí, ẹnì kan á ní òkú ọ̀run ló rí, ẹlòmíì á ní wọn kì í fún un lóúnjẹ ni. Lándílọ́ọ̀dù á ní kí wọ́n gbé ajá wọn kúrò nílé òun. Ẹni tó ni ajá náà á dé nírọ̀lẹ́, á rí i pé ó ti họ ara ilẹ̀kùn yánnayànna, ó ti fa kọ́tìnnì ya, ó sì ti tọ̀ sórí rọ́ọ̀gì, pàṣán ni yóò kọ́kọ́ wá. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ló ń ba ajá yẹn. Ẹ̀rù ìdánìkanwà ni. Ó ṣeé wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ kan.

Ó máa ń wọ́pọ̀ lára ajá tí ilé kò tíì ṣófo mọ́ lórí rí. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọ̀ṣun kan tó ń gbé Òkè Bàálẹ̀ lè ra ọmọ ajá nígbà ìsinmi, kí òun àti ẹ̀ jọ máa sùn, kí wọ́n jọ máa jí; ọjọ́ tí wọ́n bá wọlé ẹ̀kọ́ padà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni ti ajá tí wọ́n gbé láti agbo ilé tó kún fún èrò lọ sí fúláàtì òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń jáde lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Abẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, tí kì í dé títí di ìrọ̀lẹ́.

1. Ẹ mọ̀ dájú pé ẹ̀rù ni

Kì í ṣe gbogbo ajá tó ń ba nǹkan jẹ́ ni ẹ̀rù ń bà. Ọmọ ajá tí eyín ń yọ á jẹ sálúbàtà lójú yín kòrókòró. Èyí tó ń gbó mọ́ ọlọ́kadà àti oníkiri tó ń kọjá, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Èyí tó ń tọ̀ sílé yálà ẹ wà níbẹ̀ tàbí ẹ kò sí, dókítà ẹran ló yẹ kó kọ́kọ́ rí i, torí ó lè jẹ́ àìsàn.

Ti ajá tí à ń sọ yìí yàtọ̀. Ìgbà tí ẹ bá jáde nìkan ló ń ṣe é, kì í sì í pẹ́ tó fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 30 àkọ́kọ́. Á máa lọ, á máa bọ̀, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, á máa mí gúlegúle bí oòrùn kò tilẹ̀ mú. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé tí ẹ gbà jáde ló sì máa ń dojú kọ, nígbà míì títí èékánná rẹ̀ á fi ṣẹ̀jẹ̀.

Ẹ gbé fóònù àtijọ́ kan síbi tó ti lè rí ẹnu ọ̀nà, ẹ tan fídíò rẹ̀. Ẹ fi ẹja gbígbẹ tàbí ẹran tí ajá náà fẹ́ràn sílẹ̀, kí ẹ wá jáde. Ajá tí nǹkan kàn sú á jẹ ẹ́ tán kó tó wá ohun tó máa bà jẹ́. Èyí tí ẹ̀rù ń bà kò ní fẹnu kàn án. Ìgbà tó bá tó gbóhùn yín lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló máa tó gbé e mì. Nígbà tí ẹ bá ń wo fídíò náà, ẹ wo iye ìṣẹ́jú tó lò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Orí rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ tó kù máa dúró lé.

2. Ẹ ju pàṣán sílẹ̀, ẹ tú ẹ̀wọ̀n náà

Àwọn èèyàn á ní, “Ó mọ ohun tó ṣe, ẹ ò rí i bó ṣe ká ìrù mọ́ ẹsẹ̀?” Ojú yín tó le ló rí. Ajá kò lè so igi tí ẹ nà án nírọ̀lẹ́ mọ́ kọ́tìnnì tó fà ya láàárọ̀. Ohun tó máa kọ́ níbẹ̀ ni pé bí ẹ bá lọ, ẹ̀rù. Bí ẹ bá dé, ìyà. Ẹ ti sọ ìṣòro kan di méjì.

Ẹ̀wọ̀n àti àgọ́ onírin náà kì í ṣe oògùn rẹ̀. Wọ́n lè gba kọ́tìnnì là, ṣùgbọ́n ajá tí ìpayà bá dé bá nínú wọn lè já eyín rẹ̀ lára irin, tàbí kí ẹ̀wọ̀n fún un lọ́rùn. Títú u sílẹ̀ kó máa rìn káàkiri burú ju méjèèjì lọ: mọ́tò wà lójú títì, ajá tó ní àrùn dìgbòlugi lè bù ú jẹ, àwọn tó ń jí ajá tà fún ẹlẹ́ran náà kò sùn. Rírà ajá kejì fún un kì í sì í sábà ràn án lọ́wọ́, torí ẹ̀yin ló ń wá.

3. Ẹ wá ẹni tó máa dúró tì í ní báyìí

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kùnà. Ní gbogbo àsìkò tí ẹ fi ń kọ́ ọ, kò yẹ kí ajá náà dá wà kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú 2 kọ́ ọ lálẹ́, tí ẹ wá fi í sílẹ̀ fún wákàtí 8 láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi inú apẹ̀rẹ̀ lẹ ń pọn.

Ṣùgbọ́n a ní àǹfààní kan tí àwọn tó ń gbé ìlú òkèèrè kò fi bẹ́ẹ̀ ní: ilé wa kì í sábà ṣófo. Ìyá tó ń ta ọjà níwájú ilé, télọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tó máa ń jókòó sábẹ́ igi, ẹni kan nínú wọn lè gba kí ajá náà wà lọ́dọ̀ òun títí ẹ ó fi dé. Ẹ lọ kí wọn dáadáa, ẹ má sì lọ lọ́wọ́ òfo. Kí ajá náà ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi tọdún yìí kí ẹ tó fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí aládùúgbò tó jẹ́ Mùsùlùmí bá ní òun kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tóun fi ń kírun, ẹ má bá a fà á, ẹ wá ẹlòmíì.

4. Ẹ sọ kọ́kọ́rọ́ di nǹkan lásán

Kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà rárá ni ọkàn ajá yín ti ń sáré. Ó ti rí bàtà, ó ti gbọ́ kọ́kọ́rọ́, ó ti rí báàgì léjìká. Ẹ máa mú kọ́kọ́rọ́ náà kiri ilé nígbà tí ẹ kò lọ síbì kankan. Ẹ wọ bàtà, kí ẹ wá jókòó wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹ gbé báàgì kọ́rùn, kí ẹ máa fọ abọ́. Ẹ ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, títí yóò fi rí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín tí kò ní gbórí sókè mọ́.

5. Ẹ jáde, ẹ wọlé

Èyí gan-an ni iṣẹ́ náà. Ẹ jáde, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ wọlé padà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ wálẹ̀ kí ẹ tó tún jáde. Ẹ má ṣe máa fi kún àkókò náà tẹ̀lé ara wọn. Ẹ lo ìṣẹ́jú àáyá 5, lẹ́yìn náà 10, ẹ padà sí 3, ẹ lọ sí 15, ẹ wá sí 8, kó má bàa máa rò pé èyí tó ń bọ̀ ló máa le jù. Àárín ìwọ̀n tí ẹ kọ sílẹ̀ láti inú fídíò ni kí ẹ máa wà: ẹ gbọ́dọ̀ ti wọlé kí ẹ̀rù tó bà á, kì í ṣe lẹ́yìn tó bà á tán. Bí ẹ bá bá a tó ń mí gúlegúle lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ti jìnnà jù. Ẹ dín in kù.

Láti ìṣẹ́jú àáyá, ẹ ó bọ́ sí ìṣẹ́jú. Ìbẹ̀rẹ̀ ló ń le jù fún wọn, nítorí náà bó bá ti lè dùbúlẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, ẹ lè máa fi ìṣẹ́jú 5 kún un, lẹ́yìn náà 15. Ọ̀pọ̀ ajá tó bá ti fara da wákàtí kan ààbọ̀ láìfòyà máa ń lè dúró fún wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè gba oṣù. Ajá ló máa sọ iye tó máa jẹ́.

Bí ẹ bá ń lọ ní tòótọ́, ẹ má ṣe dì mọ́ ọn kí ẹ máa kí i pé ó dàbọ̀ bí ìyá tó ń fi ọmọ sílẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá dé, ẹ dúró kí ó tutù díẹ̀ kí ẹ tó bá a ṣeré.

6. Ẹsẹ̀ àti ẹnu

Ajá tó ti rìn dáadáa máa ń sùn. Ẹ mú un jáde ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú, ní àdúgbò tí mọ́tò kò pọ̀ sí, kì í ṣe etí títì Gbọ̀ngán. Ẹ má sì gba ẹ̀gbẹ́ Igbó Ọ̀ṣun kọjá láìdi okùn rẹ̀ mú ṣinṣin. Lóòótọ́ ni wọ́n ní bí ajá bá lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ, ṣùgbọ́n ọdẹ ṣíṣe jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ jẹ́ ẹni tó wà lẹ́yìn ajá lọ́jọ́ yẹn.

Fún ìgbà tí ẹ bá jáde, ẹ ká táwẹ̀lì àtijọ́ pọ̀ pẹ̀lú ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀, kó máa fi imú àti ẹsẹ̀ tú u. Bí iná bá wà, ẹ po ìrẹsì mọ́ omi ẹran tí kò ní àlùbọ́sà àti ata, ẹ fi sínú abọ́ irin, ẹ jẹ́ kó dì nínú fíríìjì. Yóò máa lá a fún ìgbà pípẹ́. Ẹ má fún un ní egungun adìyẹ tí wọ́n ti sè, ṣùkù àgbàdo tàbí kóró máńgòrò. Egungun yẹn ń fọ́ ṣóṣóró, àwọn méjì yòókù sì lè há sí ìfun rẹ̀.

7. Nígbà tó bá kọjá bẹ́ẹ̀

Bí ajá bá ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, tàbí tí kò tilẹ̀ lè dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Bí ọ̀ràn náà bá nílò ilé ìwòsàn ńlá, Yunifásítì Ìbàdàn ní ti ẹranko. Oògùn wà fún un: clomipramine àti fluoxetine ni wọ́n ti fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà fún àìsàn yìí gan-an lára ajá. Wọ́n máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó ṣiṣẹ́, ẹ̀kọ́ ẹnu ọ̀nà sì gbọ́dọ̀ máa lọ pẹ̀lú wọn. Ẹ má fún un ní oògùn oorun tiyín, ẹ má sì fún un ní parasítámọ́ọ̀lù, ó lè pa á.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí ní ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ, tí ìlù àti èrò bá gba ìgboro, tàbí ní Kérésì tí àwọn ọmọ ń yin bángà. Bí ẹ bá kó lọ sílé tuntun, tàbí tí ẹ rin ìrìn àjò tí ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé, ó lè padà sí ìwà àtijọ́. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú àáyá. Ó máa ń yá ju ti àkọ́kọ́ lọ.