Ẹ yé fi òòlù lu lọ́ọ̀gì: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí wáyà ínfátà àti sólà

Èèyàn á ra ínfátà olówó ńlá, á ra bátìrì, á ra páńẹ́lì, tó bá wá dórí lọ́ọ̀gì, irin ẹnu wáyà tí wọ́n fi ń so wáyà mọ́ bátìrì, á ní kí wọ́n ṣáà mú èyí tó bá wà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ o. Ínfátà 24V tó bá ń gbé lóòdù 3000W, iná tó ń gba wáyà bátìrì kọjá á lé ní 125A, bẹ́ẹ̀ 13A ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé. Kójú ìsopọ̀ yẹn kàn máa dí iná lọ́nà díẹ̀, ìdá kan péré nínú ẹgbẹ̀rún ohm (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó), ooru bíi 15W lá máa tú jáde lójú kan, bó ṣe ń gbóná lá máa dẹ̀ sí i, bó ṣe ń dẹ̀ lá máa gbóná sí i, títí rọ́bà wáyà á fi yọ́.

Òòlù ló burú jù. Rewáyà á gbé lọ́ọ̀gì lé orí irin, á fi ṣísù sí i, á máa lù ú gbà gbà gbà. Lójú, ó ti dì. Ẹ wá fayùn gé e sí méjì kẹ́ ẹ wonú ẹ̀: àlàfo ló wà láàárín àwọn fọ́nrán wáyà, apá kan ti fọ́, apá kan ò tiẹ̀ kan lọ́ọ̀gì rárá. Èyí tí wọ́n fi krímpà haidrọ́líìkì (irinṣẹ́ tó ń fagbára epo tẹ lọ́ọ̀gì mọ́ wáyà) tẹ̀, tí dáì ẹ̀, ìyẹn irin ẹnu ẹ̀ tó ń tẹ lọ́ọ̀gì, bá nọ́ńbà lọ́ọ̀gì mu, tẹ́ ẹ bá gé e, ó máa dà bíi bàbà kan ṣoṣo. Tówó krímpà ò bá sí, ẹ yá a, àbí kẹ́ ẹ gbé wáyà lọ bá ẹni tó ní in.

Nọ́ńbà ara lọ́ọ̀gì náà kì í ṣe fún ọ̀ṣọ́. 35-8 túmọ̀ sí pé wáyà 35mm² ló wà fún, bóòtù M8 ló sì ń wọ ihò ẹ̀. Àwọn kan á ra ti 25 torí òun ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á wá gé lára fọ́nrán wáyà 35 dànù kó lè wọlé. Kí lẹ wá ra 35 fún? Ẹ sì máa fi ọbẹ ha lọ́ọ̀gì kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ti bàbà gidi sábà máa ń funfun lójú nítorí tin tí wọ́n fi bò ó, pupa ló yẹ kẹ́ ẹ bá nísàlẹ̀. Tó bá funfun dé inú, àlùmí ni, ẹ dá a padà.

Ti àwọn lọ́ọ̀gì kékeré tó ní rọ́bà aláwọ̀ lára wọ̀nyẹn, pupa wà fún 0.5 sí 1.5mm², búlúù 1.5 sí 2.5, yẹ́lò 4 sí 6. Ẹ má fi pláyà tẹ̀ wọ́n. Krímpà tó ní rátíẹ̀tì ò ní tú ẹnu sílẹ̀ àfi tó bá tẹ̀ ẹ́ dópin, ìdí nìyẹn tó fi dáa. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fà á dáadáa, kó yọ lọ́wọ́ yín sàn ju kó yọ lórí òrùlé.

Lórí òrùlé ọ̀hún, MC4 (ẹnu tí wọ́n fi ń so wáyà páńẹ́lì pọ̀) ilé iṣẹ́ kan ni wọ́n máa ń kì bọ ti ilé iṣẹ́ míì, ó dún kà, wọ́n ní ó ti wọlé. Ó wọlé lóòótọ́, àmọ́ irin inú wọn lè má fẹnu kora dáadáa, iná DC tó ń ti ara páńẹ́lì wá sì rèé, tó bá ti ń ta pàrà, kì í tètè kú bíi ti NEPA. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì fà á yọ nígbà tíná ṣì ń lọ nínú ẹ̀.

Ẹ má ki orí wáyà bọ sọ́dà, irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ fi jó wáyà pọ̀, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, sọ́dà rọ̀, á máa sún díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìtẹ̀ títí ìsopọ̀ á fi dẹ̀.

Tínfátà bá ti gbé lóòdù fúngbà díẹ̀, ẹ pa á, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan lọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju wáyà ẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá nọ́ọ̀tì ló dẹ̀. Tí nọ́ọ̀tì bá le, ẹ gé lọ́ọ̀gì yẹn dànù kẹ́ ẹ fi tuntun sí i, ẹ má tún un tẹ̀.