Bí A Ṣe Ń Ṣíná Sí Volkswagen Ìjàpá Tó Ti Sùn Jálẹ̀ Ìgbà Òtútù

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ni Volkswagen Ìjàpá àtijọ́ sábà máa ń gbé e pamọ́ sínú gáréèjì láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì láti fi yọ́ yìnyín a máa jẹ irin abẹ́ ọkọ̀ náà. Ìpamọ́ yìí dára fún irin, ṣùgbọ́n kò dára fún bátìrì, bẹ́ẹ̀ ni kò dára fún epo àti fún àwọn ojú irin kéékèèké tí iná ń gbà kọjá. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ọkọ̀ kò dáhùn, ẹ má tètè ra ohunkóhun: ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ kì í sábà bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́rin.

Kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ rárá, ẹ lọ sẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹ yẹ àwọn rọ́bà tó ń gbé epo wò. Iwájú ni táǹkì epo Ìjàpá wà, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì wà, ẹ̀gbẹ́ dìsìtíríbútọ̀ (ohun tó ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì) gan-an ni wọ́n sì gbé pọ́ǹpù epo sí, nítorí náà epo tó bá jò níbẹ̀ súnmọ́ ibi tí iná ti ń ta. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá ni ó ti jóná báyìí. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni epo E10, bẹntiróòlù tí ọtí inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ti di èyí tí wọ́n ń tà jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọtí inú rẹ̀ a máa ba rọ́bà àtijọ́ jẹ́, ó sì máa ń fa omi mọ́ra, nítorí náà E5, tí ọtí inú rẹ̀ kò ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ni ó yẹ irú ọkọ̀ yìí, bó tilẹ̀ wọ́n jù. Rọ́bà tó bá ti sán tàbí tó ti rọ̀ jù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ fa irin ìwọn ọ́ìlì yọ pẹ̀lú: bí ọ́ìlì bá ti ga ju àmì lọ tó sì ń rùn bí epo bẹntiróòlù, epo ti jò wọ inú ẹ́ńjìnì, ẹ sì gbọ́dọ̀ dà á nù kí ẹ rọ tuntun, nǹkan bí lítà méjì àbọ̀. Ẹ wo inú ilé afẹ́fẹ́ káblétọ̀ (ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀) dáadáa, nítorí eku ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀ ní ìgbà òtútù.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó gbé àga ẹ̀yìn kúrò, abẹ́ rẹ̀ ni bátìrì wà. Bátìrì fóòtì (ìwọn agbára iná) 12 tó kún máa ń fi nǹkan bí 12.6 hàn lórí mítà. Tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 12.2, ẹ fi í sórí ẹ̀rọ tó ń rọ iná sí i díẹ̀díẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìjàpá tó dàgbà jù ń lo fóòtì 6, ẹ má sì ṣe fi wáyà so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀ tòde òní. Ẹ ha ìdọ̀tí ara àwọn orí bátìrì kúrò títí tí irin yóò fi máa dán, kí ẹ sì dá ìbòrí rẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sórí àga náà, nítorí irin abẹ́ àga lè kan án kí ó sì gbiná. Bí bátìrì bá kún, tí kíìkì-sítátà kàn ń dún “kó” lẹ́ẹ̀kan tí kò yí, ẹ wo okùn irin tó so jíà mọ́ ara ọkọ̀ lábẹ́. Ìpẹtà níbẹ̀ ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ra kíìkì-sítátà tuntun lásán.

Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí dáadáa ṣùgbọ́n tí kò ṣíná, ibi tí mo máa ń fura sí jù lọ ni kọ́ńtáàtì inú dìsìtíríbútọ̀. Ọ̀rinrin oṣù mélòó kan a máa fi awọ tín-ín-rín bo ojú irin méjèèjì tó ń pàdé ara wọn níbẹ̀, awọ tí ojú kò rí, ṣùgbọ́n tí iná kò lè gbà kọjá. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì kan, ẹ so ó padà mọ́ wáyà rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lé irin ẹ́ńjìnì jìnnà sí ibi tí epo wà, kí ẹlòmíràn wá yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná kò bá ta, tàbí tó pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹ fi páálí mímọ́ tàbí fáìlì kékeré nu ojú kọ́ńtáàtì náà, kí ẹ sì wọn àlàfo rẹ̀: mílímítà 0.4 ni. Ti plọ́ọ̀gì jẹ́ nǹkan bí 0.7. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní títàn nígbà tí ẹ́ńjìnì kò ṣiṣẹ́, kọ́ìlì (ohun tó ń sọ iná bátìrì di alágbára fún plọ́ọ̀gì) lè jó.

Iná tí ń ta ní àwọ̀ búlúù dáadáa túmọ̀ sí pé epo ló kù. Epo tó wà nínú ìkòkò káblétọ̀ ti gbẹ láti ìgbà yìí, pọ́ǹpù sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fà á wá láti iwájú ọkọ̀; ẹ tẹ ẹsẹ̀ lé tọ́tù (ohun tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré) lẹ́ẹ̀kan kí ṣóòkì, ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ inú káblétọ̀, lè ti ara rẹ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan kí kíìkì-sítátà lè tutù, kí ẹ tún yí i. Plọ́ọ̀gì tó bá gbẹ fi hàn pé epo kò tíì dé. Èyí tó tutù pẹ̀lú epo fi hàn pé ó ti pọ̀ jù. Bí epo inú táǹkì bá ń rùn bí ọ̀dà tó ti pẹ́, ẹ dà á nù.

Nígbà tó bá ṣíná, ẹ má tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ títí iná ìkìlọ̀ ọ́ìlì yóò fi kú, ẹ sì tún wo àwọn rọ́bà epo yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́. Bí jíà kò bá wọlé bí ẹ ti tẹ klọ́ọ̀ṣì, klọ́ọ̀ṣì náà ti lẹ̀ mọ́ irin ẹ́ńjìnì. Bí ọkọ̀ kò bá fẹ́ sún, bíréèkì ọwọ́ tí ẹ fà sílẹ̀ láti oṣù Kọkànlá ló mú àgbá bíréèkì mọ́lẹ̀. Inú ọgbà yín ni kí ẹ ti dán bíréèkì wò, kì í ṣe ojú títì.